Kóńgò Tí Ojú Kò Rí

Ní ọjàkọ́jà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí ọlọ́jà àti oníbàárà tó dúnàádúrà, òṣùwọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi ojú wá. Ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, kóńgò ni a fi ń wọn ìrẹsì àti gààrí. Ní Kánò àti Kàdúná, mudu ni. Ní Kùmásì, olonka ni. Orúkọ yàtọ̀, ṣùgbọ́n àṣà kan náà ni. Oníbàárà tó gbọ́n á gbé òṣùwọ̀n náà sókè, á wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọnú, á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ bóyá wọ́n fi nǹkan tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Bí ọlọ́jà bá wọ̀n ọ́n tán, oníbàárà á ní kí ó fi èènì sí i. Bí aáwọ̀ bá sì bẹ́ sílẹ̀, ojú gbogbo ọjà ni yóò ti ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ọjà á mú òṣùwọ̀n mìíràn wá, wọ́n á fi tún ọjà náà wọ̀n, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Ọjà kan wà lóde òní tí a ń tà ní gbogbo àwọn ìlú wọ̀nyí tí oníbàárà kò lè yẹ ìdí òṣùwọ̀n rẹ̀ wò. Ọjà náà ni íntánẹ́ẹ̀tì oníyára tó ń gba inú afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹni tó ń tà á ni ó ni òṣùwọ̀n, òun ni ó ń wọ̀n ọ́n, òun náà ni ó ń sọ iye tó kù. Oníbàárà á ti sanwó kí ó tó rí ohun tó rà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé jíjá tí ọjà náà ń já ni ó ń bí oníbàárà nínú. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn ún jù lọ ni pé nígbà tó bá já, kò sí ibi tí yóò gbé kóńgò sí kí ẹlòmíràn bá a wò ó.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí hàn kedere nínú ìrírí olùkọ́ kan ní Kubwa, nítòsí Àbújá. Iṣẹ́ obìnrin náà ni kíkọ́ni ní èdè Yorùbá. Láàárín ọ̀sẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó ti ń kọ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí òbí wọn ń gbé ní London àti Houston láti orí ẹ̀rọ ayélujára. Ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kejì yìí. Owó tó ń tibẹ̀ wá kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tirẹ̀.

Nígbà tó lọ ra router, ìwé ìpolówó tí wọ́n fún un sọ ohun méjì. Èkíní ni pé iyára ọjà náà jẹ́ ‘títí dé’ 20 Mbps. Èkejì ni pé dátà inú rẹ̀ jẹ́ ‘aláìlópin’. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí tó ohun tí olùkọ́ èdè lè yẹ̀ wò. ‘Títí dé’ ń sọ bí àjà ṣe ga tó, kò sọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ẹni tó bá ní òun yóò fún àlejò òun ní ọkà títí dé òkèlè mẹ́wàá kò tíì purọ́ bó bá fún un ní òkèlè kan ṣoṣo. Ní ti ‘aláìlópin’, gírámà Yorùbá kò fi àyè sílẹ̀ fún iyèméjì. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘àì-’ ń sọ pé ohun tí a dárúkọ kò sí rárá: aláìlówó kò ní owó, aláìlẹ́bi kò ní ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn ìwé ìpolówó náà, wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé bí ènìyàn bá ti lo 100 GB nínú oṣù, iyára rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀. Aláìlópin ti ní òpin, gírámà sì ti wó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ohun tí àìdúróṣinṣin íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe fún ẹni tó ń wo fíìmù yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe fún ẹni tó ń kọ́ni ní èdè olóhùn. Bí àwòrán bá dúró, a ó mọ̀ pé ó dúró. Bí ohùn bá já, ó lè má hàn sí ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ náà ní kí ọmọ kan ní Houston tún gbólóhùn kan sọ: ‘Bàbá àgbà mú ọkọ́ lọ sí oko.’ Ohùn olùkọ́ gé ní sílébù kejì, ọmọ náà sì sọ pé, ‘Bàbá àgbà mú ọkọ̀ lọ sí oko.’ Gbólóhùn méjèèjì ní ìtumọ̀. Ìyá ọmọ náà tó jókòó tì í kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí olùkọ́ tó mọ̀ pé ọkọ́ ti di ọkọ̀ lọ́kàn ọmọ náà. Igba, igbá àti ìgbà tún lọ bẹ́ẹ̀. Ohùn tó já sáàárín ọ̀nà kì í fi àmì kankan sílẹ̀ tí olùkọ́ lè tọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń gba íntánẹ́ẹ̀tì? Ìtàn ni ó fà á. Ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Bìrìtìkó, wáyà tẹlifóònù tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ tipẹ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì oníyára kọ́kọ́ gbà wọ ilé. Ní Nàìjíríà, NITEL tó jẹ́ ti ìjọba ni ó ń ta tẹlifóònù oníwáyà, nígbà tí ọdún 2001 sì dé, ìlà tó ń ṣiṣẹ́ kò ju nǹkan bí 400,000 lọ láàárín ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 100. Ní oṣù Kìíní ọdún náà ni ìjọba ta ìwé àṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ alágbèéká. Ní oṣù Kẹjọ, fóònù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Láti ìgbà náà, afẹ́fẹ́ ni ó di ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ìgbà àwọn kàféè tí àwọn ọ̀dọ́ ń sùn mọ́jú lọ, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Starcomms àti Multilinks gbé módẹ̀mù wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, módẹ̀mù tí ènìyàn fi owó gọbọi rà sì di ohun ìṣeré ọmọdé.

Ìgbì afẹ́fẹ́ tí òpó kan ń pín dà bí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ní àdúgbò. Ní ìdájí, ẹni mẹ́ta ló ń pọn omi, omi á sì máa tú jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé á gbé garawa jáde, omi á sì máa kán tó-tó-tó. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta router tuntun lójoojúmọ́ láìfi òpó kún òpó, garawa ló ń tà, kì í ṣe omi. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ni a lè dì lé wọn lórí. Iná mànàmáná kò dúró, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ àti epo dísù ni ọ̀pọ̀ òpó gbójú lé. Àwọn tó ń la títì ń fi katakata gé okùn abẹ́ ilẹ̀, àwọn olè sì ń jí bátìrì gbé.

Nígbà mìíràn, inú òkun ni àjálù ti ń wá. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, ìyẹn WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire, nítòsí Abidjan. Gánà, Bẹ̀nẹ̀, Làìbéríà àti Nàìjíríà wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n lára. Àwọn báǹkì pàápàá kò lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Kíláàsì ọjọ́ Sátidé kò wáyé ní ọ̀sẹ̀ náà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kò sí òbí kan tó bínú. Ìròyìn ti sọ ohun tó bàjẹ́, ó sọ ibi tó ti bàjẹ́, ó sì sọ pé ọkọ̀ ojú omi ń lọ tún un ṣe. Ẹni tí a bá sọ òótọ́ fún lè fara da òfò.

Oṣù Kọkànlá ọdún kan náà ni ìbínú dé. Iná pupa tàn lára router olùkọ́ náà fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ó pe ilé-iṣẹ́ náà. Ohùn dídùn kan kí i ní Yorùbá, ó ní kí ó tẹ nọ́ḿbà èdè tó fẹ́. Ó tẹ ti Yorùbá, ó sì dúró fún ogójì ìṣẹ́jú kí ọmọkùnrin kan tó dá a lóhùn.

‘Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa router yín, kí ẹ tún un tàn.’

‘Ọmọ mi, mo ti pa á, mo ti tàn án nígbà mẹ́fà láti àárọ̀.’

‘Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.’

‘Àwọn wo ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀? Kí ló bàjẹ́?’

‘Ẹ má bínú, mà. Kò hàn sí mi níbí.’

Òwe ní ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ tútù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n obì kò sí lápò ọmọ náà. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni ó ń kà. Kò ní agbára láti tún òpó ṣe, kò sì ní agbára láti dá owó padà. Olùkọ́ náà mọ èyí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ fún un. Ní àṣà Yorùbá, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ máa ń dárúkọ ohun tó ṣe, kí ó tó ní kí a má bínú. Ẹ̀bẹ̀ tí kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ọ̀nà láti pa olùfisùn lẹ́nu mọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé a ti yanjú ẹ̀sùn rẹ̀. Iná pupa ṣì ń tàn. Ní gbogbo àkókò yìí, ọgbọ̀n ọjọ́ tó ti sanwó fún ń jẹ lọ bí àbẹ́là. Ó mú ìwé ògbólógbòó kan, ó sì ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí iná pupa bá tàn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alájọ ṣe ń sàmì sí káàdì. Ìwé yìí ni ó kà jáde nígbà tó pe 622, nọ́ḿbà ọ̀fẹ́ tí àjọ NCC tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀sùn oníbàárà. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi 5 GB ránṣẹ́ sí i, wọ́n ní ‘ẹ̀bùn’ ni. Ó dá wọn lóhùn pé òun kò tọrọ ẹ̀bùn. Ọjọ́ mọ́kànlá tí òun ti sanwó fún ni òun ń béèrè. Èènì ń tẹ̀lé òṣùwọ̀n tó pé ni, kì í rọ́pò rẹ̀. Wọn kò fèsì mọ́. Nígbà tí oṣù Kejìlá fi máa parí, ìdílé méjì ti fi kíláàsì náà sílẹ̀. Ọ̀kan wá olùkọ́ mìíràn. Ọ̀kan, ti ọmọ Houston tó sọ ọkọ́ di ọkọ̀, ní ọmọ àwọn yóò sinmi Yorùbá ná.

Olùkọ́ náà ti wá ra síìmù ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe káàkiri Nàìjíríà: bí èyí bá kú, kí èyí jí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ń ra ọjà kan kí ó tó lè lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, nítorí náírà ti já wálẹ̀, epo dísù sì ti gbówó lórí. Ìdí náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò ìjọba fún ọdún 2020 sí 2025 ti ṣèlérí 25 Mbps, ó kéré tán, fún ìlú ńlá, 10 Mbps fún ìgbèríko, àti pé 1 GB kò ní ju náírà 390 lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ètò náà sọ pé ‘ó kéré tán’. Àwọn ọlọ́jà sọ pé ‘títí dé’. Ibi tí gbólóhùn méjèèjì ti yapa ni gbogbo ìjà náà wà.

Àjọ náà kò sùn pátápátá. Ní ọdún 2012, ó bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù kan náírà lé ilé-iṣẹ́ alágbèéká mẹ́rin nítorí iṣẹ́ wọn kò dára tó. Ní ọdún 2025, ó pàṣẹ pé bí ìdíwọ́ ńlá bá kọjá wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí ilé-iṣẹ́ san án padà fún oníbàárà, bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún ọjọ́ rẹ̀. Ìtanràn ọdún 2012 lọ sí àpò ìjọba. Àṣẹ ọdún 2025 ni ó rántí ẹni tó ra ọjà. Ó kù kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí iná pupa tàn ní ilé tirẹ̀ nìkan, tí a kò sì pè ní ìdíwọ́ ńlá.

Ìwé àdéhùn tí oníbàárà ń tẹ́wọ́ gbà kí ó tó lo ọjà yìí gùn, Gẹ̀ẹ́sì àwọn amòfin ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ní sáà kẹta ọdún 2025, olùkọ́ náà pín ojú-ewé kan nínú rẹ̀ fún kíláàsì SS2 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìtumọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Gbólóhùn kan tó gba ìlà márùn-ún ní Gẹ̀ẹ́sì wá di èyí lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti fẹ́ ìyàngbò inú rẹ̀ dànù: ‘A kò ṣèlérí pé iṣẹ́ yìí kò ní já. Bí ó bá já, kò kàn wá. Owó tí ẹ ti san kò ní padà.’ Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, ‘Mà, kí ni wọ́n wá ń tà?’ Olùkọ́ náà kọ ìbéèrè náà sí ojú pátákó, ó sì ní kí wọ́n kọ àròkọ lé e lórí.