Láti Lúfà dé Ògiri Dígí
Bí àwọn àgbà iṣẹ́ wa ní àdúgbò Tunga ní Minna ṣe máa ń sọ ọ́, kí ìlú náà tó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger ní 1976, ọwọ́ káfíńtà ni iṣẹ́ fèrèsé pọ̀ sí jù. Lúfà ni èmi bá lọ́dọ̀ ọ̀gá mi: férémù irin, dígí pẹlẹbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Àwọn èèyàn ń bú u pé eruku ọyẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, pé olè lè yọ ọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ojú fèrèsé ni atẹ́gùn ń gbà.

Nígbà tí àlùmíníọ̀mù dé, sliding gba ọjà. Ó dùn ún wò, àmọ́ ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí, torí apá kan gbọ́dọ̀ sún bo èkejì.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ògiri dígí dé sí báńkì àti ọ́fíìsì, èyí tí kì í ṣí rárá. Ibi tó ń dùn mí nìyí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn á gba inú dígí kọjá, á kan tábìlì, á kan ilẹ̀, á di ooru. Ooru náà kò sì ní lè gba inú dígí jáde bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wọlé. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, yàrá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn á gbóná láti ọ̀sán títí àwọn òṣìṣẹ́ á fi ṣíwọ́. Akọ̀wé á fa kọ́tìnì, á tan iná lọ́sàn-án gangan, á tan éésì mọ́ ọn. Bí NEPA bá mú iná lọ, ó di jẹnẹrétọ̀. Ìpínlẹ̀ tó ni ìsédò amúnáwá Shiroro ni mò ń wí o! Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, ìnáwó yìí ti wọ àwọn oníbàárà mi lára.

Àwọn kan ti mọ bí a ṣe ń kọ́ ilé tó ń sá fún oòrùn tipẹ́. Ní yunifásítì Ifẹ̀, Arieh Sharon ará Ísírẹ́lì ya ilé bíi píramídì tí a dorí rẹ̀ kodò: àjà òkè yọ síwájú, ó ṣíji bo ti ìsàlẹ̀. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2017 lórí ìlò iná nínú ilé pàápàá ní kí fèrèsé má ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ògiri lọ, àfi tí ìbòji bá wà tàbí dígí tó ń dá ooru padà.

Tí wọ́n bá pè mí kí ilé tó dìde, àríwá àti gúúsù ni mo ní kí wọ́n fi dígí ńlá sí. Oòrùn ga níbẹ̀, ìbòrí kékeré ti tó o. Ní ìwọ̀ oòrùn, fèrèsé kékeré tó ń ṣí ni. Bí ojú títì bá wá bọ́ sí ìwọ̀ oòrùn, tí Alhaji tó ni ilé sì fẹ́ dígí rẹ̀ dandan, mo máa ń to ọ̀pá àlùmíníọ̀mù pẹlẹbẹ lóòró síwájú dígí, níta. Kọ́tìnì inú kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, nítorí kí oòrùn tó kan kọ́tìnì, ooru ti wọlé.