Ìdí Tí N Ò Fi Fi Àgbo Màmá Wa Ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀n

Ìgò àgbo mẹ́ta ni màmá wa gbé lé mi lọ́wọ́ ní Sátidé tó kọjá. Wọ́n ní, "Bá mi wá ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀n, kó gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ. Àgbo tó ń fún ara lágbára ni." Mo dúpẹ́, mo gbà á, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. N ò fi ránṣẹ́, n ò sì ní í fi ránṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.

Ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì tó wà láyà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ṣe tiẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n fi ti ẹnì kan tó ti kú rọ́pò tiẹ̀ tó bàjẹ́. Gbogbo wa la jó lọ́jọ́ náà. Àṣé ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ṣé ẹ mọ̀ pé sójà wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, tó ń bá kòkòrò àrùn jà? Sójà yìí mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí àlejò. Bó bá ti rí ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíì, ọ̀tá ló máa pè é. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń lo tacrolimus láàárọ̀ àti lálẹ́, òun àti oògùn mìíràn, láti fi so sójà lọ́wọ́. Àmọ́ wọn ò lè so ó tán, torí ọ̀fìnkìn lásán lè wá gbẹ̀mí èèyàn. Ẹ̀dọ̀fóró kò sì dà bíi kíndìnrín tó fara pamọ́ sínú. Atẹ́gùn ìta, eruku àti kòkòrò ń wọ inú ẹ̀ lójoojúmọ́. Bí kòkòrò bá wọlé, sójà á ta jí, á tún kọjú sí àlejò. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí èémí ń gbà á di àpá, wọ́n á sì dí. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó gba ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíì ló ń rí èyí láàárín ọdún márùn-ún.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ èémí sí nílé. Bí agbára èémí bá fi ìdá kan nínú márùn-ún lọ sílẹ̀ tí kò padà, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Tiẹ̀ lọ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fi azithromycin kún oògùn ẹ̀, ó dúró lójú kan, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ.

Mo sọ̀rọ̀ àgbo náà fún un lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó ní, "Àbúrò mi, sójà tí mo fẹ́ so mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹ̀yin wá fẹ́ fún un níbọn?"

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Màmá wa gbà pé àwọn ará ilé bàbá wa ló ń ṣe é. Ikú ilé ni lóòótọ́, àmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀ ló wà.

Àná ni wọ́n tún pè mí: "Ṣé ó ti rí i gbà?" Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, mà." Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá pé agbára tó ń tọrọ fọ́mọ ẹ̀ ló ń gba èémí lọ́wọ́ ọmọ náà? Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó dì í sínú báàgì.