Iṣẹ́ tí Mo Yàn Láàyò

Bí àgbàlagbà bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú, ìdáhùn tí ó sábà máa ń gbọ́ kò ju mẹ́ta lọ: dókítà, lọ́yà tàbí ẹnjiníà. Èmi náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́yà ni mo máa ń wí, nítorí pé lọ́yà ni bàbá mi ń fẹ́ kí n jẹ́, ó sì ti ń pè mí ní lọ́yà lójú àlejò láti ìgbà tí n kò tí ì lè kọ orúkọ ara mi tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú títí èsì ìdánwò yóò fi jáde: iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ni mo yàn láàyò.

Ẹ má ṣe rò pé ilé alájà mẹ́ta tí àwọn olówó ń kọ́ ni ó wọ̀ mí lójú. Àwọn tí ń ya àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì ń rí owó níbẹ̀. Ohun tí èmi ń fẹ́ ni kí n máa ya àwòrán ibi tí tolówó ti tálákà ń lò: ilé-ìwé, ọjà, ilé-ìwòsàn, ibùdókọ̀; kí n sì wà lára àwọn tí ń fi ètò sí bí ìlú yóò ṣe rí, ibi tí ọ̀nà yóò gbà, ibi tí omi òjò yóò ṣàn sí, ibi tí ẹni tí kò ní ọkọ̀ yóò máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn. Kí ẹ lè mọ ìdí rẹ̀, n óò mú yín lọ sí oríta ìlú wa.

Ọmọ Gbọ̀ngán ni mí. Bí ẹ bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tí ẹ kọjá Ìkirè níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń na dòdò sí yín lójú fèrèsé ọkọ̀, ẹ ó kan Gbọ̀ngán kí ẹ tó dé Ifẹ̀. Oríta wa ni ọ̀nà Òṣogbo ti yà, ibẹ̀ náà sì ni afárá ńlá tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Bísí Àkàndé sọ wà. Èrò tí ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́ kò níye. Létí ọ̀nà yìí ni ìyá mi ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti iṣu láti ìgbà tí wọn kò tí ì bí mi. Owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń san owó ilé-ìwé mi. N kò ní purọ́ mọ́ bàbá mi, òun náà ń ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kòkó kì í so lóṣooṣù.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n kọ́ ìsọ̀ tuntun fún àwọn obìnrin tí ń tajà létí títì. Inú gbogbo wa dùn. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ, páànù ni wọ́n fi bò ó, ó ní ilẹ̀kùn irin tí a lè fi àgádágodo tì. Ìyá mi san owó tirẹ̀, ó kó ọjà wọlé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Páànù náà wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ga lè fi ọwọ́ kàn án, ìsọ̀ kò sì ní fèrèsé, nítorí pé olè nìkan ni ẹni tí ó kọ́ ọ ń rò. Bí oòrùn bá ti mú, inú rẹ̀ a gbóná bí ààrò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó yẹ kí ó lo ọjọ́ márùn-ún kí ó tó pọ́n a pọ́n ní ọjọ́ méjì, a sì rà ní ọjọ́ kẹrin. Èkejì tún burú ju èyí lọ: ìsọ̀ kọ ẹ̀yìn sí títì. Èrò ọkọ̀ kò rí ọlọ́jà, ọlọ́jà kò rí èrò ọkọ̀. Kí oṣù méjì tó pé, àwọn obìnrin ti padà sí etí títì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ewúrẹ́ sì jogún ìsọ̀.

Ìyá mi wà lára àwọn tí ó padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù kan já, ọkọ̀ náà sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Ìyá mi fò, ṣùgbọ́n kò fò jìnnà tó. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kán sí ọ̀nà méjì. Oṣù márùn-ún ni ó lò lọ́dọ̀ oníṣègùn eegun, àti títí di òní, bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ẹsẹ̀ náà ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ fún un.

Mo máa ń jókòó tì í ní àkókò náà, mo sì ń rò ó pé ta ni ó jẹ̀bi. Awakọ̀ jẹ̀bi, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá mi tún ń wá létí títì nígbà tí ó ti san owó ìsọ̀? Ẹni tí ó kọ́ ìsọ̀ náà kò ṣe iṣẹ́ gbàrọgùdù. Ògiri rẹ̀ dúró digbí. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣe: kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nínú àwọn tí yóò lò ó. Àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, olùkọ́ tí ń kọ́ wa ní àwòrán yíyà kó wa lọ wo ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ìbàdàn ni yunifásítì yìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962 kí ó tó kó lọ sí Ifẹ̀ ní ọdún 1967, Yunifásítì Ifẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ títí di ọdún 1987. Ará Ísírẹ́lì kan, Arieh Sharon, tí ó kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Jámánì, ni ó fi ètò sí ọgbà náà, òun àti àwọn ayàwòrán-ilé ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí a dé iwájú ilé àwọn tí ń kọ́ nípa èdè àti ìtàn, ẹ̀rín pa wá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré, òkè rẹ̀ fẹ̀. Àjà kejì yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, èyí tí ó wà lókè rẹ̀ tún yọ jù ú lọ, bí ẹni tí ó ru agbọ̀n tí ó ju orí rẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó dà bí ẹni pé wọ́n dorí ìwé àwòrán kodò nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Olùkọ́ wa kò bá a wí. Ó ní kí a wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Òógùn ti mu wá láti ibi tí ọkọ̀ ti já wa sílẹ̀. Bí a ti wọ abẹ́ ilé náà ni afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wa lára. Olùkọ́ wa wá tọ́ka sí òkè fún wa: àjà kọ̀ọ̀kan ni agboòrùn fún èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán kì í kan ògiri, òjò kì í tètè kan fèrèsé, nítorí náà ènìyàn lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ nínú òjò kí ó sì máa bá ìwé rẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. N kò lè sọ ohun tí àwọn yòókù ń rò, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá mi ni mo ń rò. Àjà kan tí ó yọ síta díẹ̀, fèrèsé méjì tí ó kọjú síra, ìbá ti tó.

Nígbà tí mo padà dé ilé, mo fi ojú tuntun wo agbo-ilé bàbá bàbá mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká. Òrùlé sọ̀ kalẹ̀ bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí oòrùn má bàa wọ yàrá. Ìyá àgbà lè jókòó sí ojú kan kí ó máa ṣọ́ ọmọ mẹ́wàá. Nínú ìlú, ọjà wà níwájú ààfin Olúfi, ọ̀nà àdúgbò gbogbo sì ń wá síbẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tí ogun lé kúrò ní Gbọ̀ngán àtijọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò ní rúlà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àwọn tí wọ́n ń kọ́lé fún.

Ẹni tí ìtàn ayé rẹ̀ wá mú mi lọ́kàn le ni Francis Kéré, ọmọ Bùkínà Fáṣò. Abúlé kan tí ń jẹ́ Gando ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1965, baálẹ̀ sì ni bàbá rẹ̀. Kò sí ilé-ìwé ní Gando, nítorí náà ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n mú un kúrò nílé láti lọ kàwé ní ìlú mìíràn, nínú yàrá tí ó gbóná tí ọmọ sì kún fọ́fọ́. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó bá lọ sí Jámánì ní ọdún 1985. Ó ń lọ sí ilé-ìwé alẹ́ ní Berlin títí ó fi wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé. Kí ó tó gboyè ní ọdún 2004, ó ti tọrọ owó káàkiri, ó sì ti kọ́ ilé-ìwé sí Gando ní ọdún 2001.

Amọ̀ ni ó ní òun yóò fi kọ́ ọ. Àwọn ará abúlé kò fẹ́ gbà. Wọ́n ti rí amọ̀ tí ó wó lójò rí, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Kéré kò bá wọn jà. Ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ amọ̀, ó gbé òrùlé páànù sókè gan-an kúrò lórí àjà kí ooru lè rí ọ̀nà jáde, ó sì jẹ́ kí gbogbo abúlé bá a ṣiṣẹ́: ọmọdé ń ru òkúta, obìnrin ń pọnmi. Nígbà kan tí wọ́n mọ òrùlé amọ̀ tí ó tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ gun orí rẹ̀, wọ́n ń fò sókè fò sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè rí i pé kò ní wó. Ní ọdún 2022 ó gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Òun kan náà ni wọ́n ní kí ó ya àwòrán ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin Benin ní Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo. Igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ ni ó fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ohun kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bí ìsinmi bá parí tí òun sì ń padà sí ilé-ìwé, àwọn obìnrin abúlé a tú aṣọ wọn, wọn a mú kọ́bọ̀ tí ó kẹ́yìn lọ́wọ́ wọn fún òun. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ bí ìyá ọlọ́jà ti ń so owó mọ́ etí ìró yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò nílò àlàyé fún mi.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ rò pé àánú nìkan tó. Ní Màkókó ní ìlú Èkó, Kúnlé Adéyẹmí kọ́ ilé-ìwé kan tí ó léfòó lórí omi ní ọdún 2013, fún àwọn ọmọ tí ilé wọn wà lórí ọ̀sà. Gbogbo ayé yìn ín. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, òjò ńlá rọ̀, ilé náà sì wó. Orí yọ àwọn ọmọ, wọn kò sí nínú rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ń jí ka ìṣirò àti físíìsì, bí n kò tilẹ̀ fẹ́ràn físíìsì. Ilé tí a fi ìfẹ́ yà gbọ́dọ̀ lè gbé ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ètò ìlú náà lè di ohun ìjà: ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó wó Màrókò, àwọn ènìyàn tí a fojú díwọ̀n sí 300,000 sì di aláìnílé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Lójú tèmi, ayàwòrán tí ó bá fa ìlà lórí ìwé láì béèrè ẹni tí ń gbé abẹ́ ìlà náà ti ń di ọwọ́ katakata mú.

Mo mọ ohun tí bàbá mi yóò wí. Yóò ní, "Tálákà kò ní owó, ta ni yóò san owó iṣẹ́ rẹ?" Ìbéèrè gidi ni, n kò sì tí ì rí ìdáhùn rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n mo ti ń pa ọ̀rọ̀ kan mọ́ dè é. Èkó ni bàbá mi ti lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń wọ kíláàsì, nítorí pé àwọn mìíràn ń lò ó ní òwúrọ̀. Látééf Jákàńdè, tí ó jẹ́ gómìnà láti ọdún 1979 sí 1983, ni ó kọ́ kíláàsì tí gbogbo ọmọ fi ń wọlé ní òwúrọ̀. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pe àwọn kíláàsì náà ní ilé adìẹ. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún mi, ó sì fi kún un pé nínú ilé adìẹ yẹn ni òun ti mọ ìwé kà.

Ní Sátidé tí ó kọjá, mo ya àwòrán ìsọ̀ kan sí ẹ̀yìn ìwé àjákọ mi. Mo gbé òrùlé sókè, mo fi fèrèsé sí ọ̀tún àti òsì, mo jẹ́ kí ó kọjú sí títì ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí i. Mo mú un lọ fún ìyá mi lórí àga rẹ̀, pẹ̀lú ìgbéraga. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n iṣu kì í fẹ́ sìmẹ́ńtì, orí kí ni a ó tò ó sí? Ibo ni Ìyá Ìbejì yóò tẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sí bí oorun bá ń kùn wọ́n?"

Mo ní, "Màámi, n kò rò ó débẹ̀."

Ó fi ìka rẹ̀ tẹ igun ọwọ́ ọ̀tún. "Ibí," ni ó wí, "kí ìyá wọn lè máa rí wọn láti ìdí ọjà. Sì gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn sí i. O mọ bí bíréèkì ti ń já."

Mo mú ìrésà, mo pa ògiri ọwọ́ ọ̀tún rẹ́, mo sì tún bẹ̀rẹ̀.