Róbọ́ọ̀tì Tí A Kọ́ Ní Dò-Re-Mí

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti inú ìwé. Orí tábìlì oúnjẹ ilé wa ni ó ti ṣẹlẹ̀, láàárín èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ yìí ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó fẹ́ sọ pé bàbá òun ra ọkọ̀, "ọkọ" ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí, àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ náà bá a rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ mi fi ń dá ìyá àgbà lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń gbà wọ́n ní ìdajì wákàtí wá di ti ìṣẹ́jú kan. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè ní yunifásítì, n kò rí i yanjú nínú ilé ara mi. Bí mo bá ti mú ìwé jáde, ògiri ni ọmọ náà ń wò.

Róbọ́ọ̀tì ni ó fẹ́ràn. Ó ti fi pátákó Arduino Uno àti mọ́tò kéékèèké méjì ṣe ọ̀kan tí ó ń rìn káàkiri pálọ̀. Ní ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ kí ó máa dún.

Mo ra buzzer kan, ohun dúdú roboto tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. A fi wáyà rẹ̀ kan sí ihò 8, a fi èkejì sí GND. Ó han gooro! Ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ni ó ní, nọ́ńbà yòówù kí a fún un. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé oríṣi buzzer méjì ni ó wà. Ọ̀kan ní ohun tí ń pèsè ohùn nínú ara rẹ̀. Bí iná bá ti dé ibẹ̀, ohùn tí wọ́n dá mọ́ ọn ni yóò máa ké. Èkejì kò ní in. Bí a bá ṣe mú un gbọ̀n ni yóò ṣe dún. Bẹ́ẹ̀ náà ni sípíkà.

Sípíkà 8 ohm ni a wá mú. Ẹ má ṣe so ó mọ́ pátákó tààrà o! Ní fóòtì 5, ó lè fa iná tí ó ju 600 milliamp lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a gbà ju 20 lọ lọ́wọ́ ihò kan. A fi transistor àti resistor sí àárín, kí ihò náà máa pàṣẹ, kí bátìrì sì máa ru ẹrù.

Ìṣòro mìíràn tún yọjú: bí róbọ́ọ̀tì bá ti ń dún, ìrìn rẹ̀ a dàrú. Àṣẹ tí à ń pè ní tone ni ó ń gba aago inú pátákó tí ihò 3 àti 11 fi ń díwọ̀n eré mọ́tò. A kó wáyà mọ́tò lọ sí ihò 5 àti 6, ó sì ń rìn, ó ń dún.

Mo wá ní kí ọmọ mi kọ nọ́ńbà mẹ́ta: 262 fún dò, 294 fún re, 330 fún mí. Iye ìgbà tí sípíkà ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Re-mí, ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Dò-dò, ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Re-re, ọkọ ìyàwó. Re-dò, ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé 294 àti 262 ni ó yẹ kí n sọ fún Màmá lọ́jọ́ náà?"

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé nọ́ńbà ni ohùn. Dò ti ìyá mi lè ga ju mí tèmi lọ. A sọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po méjì, ọkọ̀ ṣì ń jẹ́ ọkọ̀, nítorí ìbáṣepọ̀ láàárín ohùn kan àti èkejì ni etí ń gbọ́. Bákan náà, re-mí lè jẹ́ ilé, owó tàbí ojú. Ìdí nìyẹn tí onílù fi máa ń lo gbólóhùn gígùn.

Nígbà tí a lọ sí Òṣogbo, ọmọ mi gbé róbọ́ọ̀tì sí ẹnu ọ̀nà ìyá mi. Ó dún: re mí re mí re. Ìyá mi ké láti inú ilé pé, "Ta ni ọ̀fìnkìn ń ṣe, tí ó ń kí mi báyìí?" Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé, "Ẹ kú ilé o!"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tún ṣi ọ̀rọ̀ méjì sọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ wọn sì ń bá a lọ.

Ó dìgbà kan ná.