Orí Yí, Ojú Dúró

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, ṣùgbọ́n nínú ogun òfuurufú, àtọmọdé àtàgbà, ẹni tí kò bá wo ẹ̀yìn kí ó tó ṣubú, bí ó bá ṣubú tán, kò sí ohun tí yóò tún wò mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ja irú ogun yìí lórí kọ̀ǹpútà, nínú eré IL-2 Sturmovik tí àwọn ará Rọ́ṣíà gbé jáde ní 2001 àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kò sì sí ohun tí ó ń sú mi níbẹ̀ tó ọ̀ràn ojú wíwò. Bọ́tìnnì róbótó orí ọ̀pá ìtukọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fi àtàǹpàkò tì sọ́tùn-ún sósì kí ojú awakọ̀ inú eré lè yí. Kí àtàǹpàkò tó rìn dé ẹ̀yìn, ọ̀tá tí mo ń wá ti kúrò níbi tí mo fi í sí.

Ohun èlò tí ó gbà mí lọ́wọ́ ìyà náà kò ju kámẹ́rà kékeré kan lọ; TrackIR ni wọ́n ń pè é, iléeṣẹ́ NaturalPoint ti Amẹ́ríkà ni ó sì ṣe é. A ó gbé e lé orí kọ̀ǹpútà kí ó kọjú sí ẹni, a ó so iná wínníwínní mẹ́ta, tí ojú ènìyàn kò lè rí ìmọ́lẹ̀ wọn, mọ́ ẹ̀gbẹ́ èáfóònù tí a dé sórí, kámẹ́rà yóò sì máa wo iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó fi jẹ́ pé bí orí bá yí, bí ó bá tẹ̀, bí ó bá sún síwájú, orí awakọ̀ inú eré yóò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Bí mo bá yí orí dé ẹ̀yìn bí ẹni tí a pè lójú títì, n kò ní rí kọ̀ǹpútà mọ́. Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe é ṣe sọ díẹ̀ di púpọ̀: bí mo bá yí orí mi díẹ̀ péré sí èjìká, awakọ̀ inú eré ti rí ìrù ọkọ̀ rẹ̀. Èyí ni pé bí orí bá ń lọ sọ́tùn-ún, ojú ní láti máa padà bọ̀ sósì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n wá ni orí àti ojú ti jọ ń rìn. Ta ni ó kọ́ ọ̀kan láti fi èkejì sílẹ̀? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú alákàn wà lórí ọ̀pá tirẹ̀, ó lè rán an lọ síbi tí orí kò dé. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Òòyì kọ́ mi, ọrùn dùn mí, bí mo bá sì mí kanlẹ̀, àmì tí a fi ń wọn ìbọn á fò kúrò lára ọ̀tá. Ìlà kan wà nínú ètò ẹ̀rọ náà tí ó ń sọ bí orí inú eré yóò ṣe yí tó, a sì ń tẹ̀ ẹ́ sókè sódò: mo sọ ọ́ di pẹrẹsẹ láàárín, kí mímí má baà jámọ́ nǹkan, mo sì jẹ́ kí ó ga sókè fíofío létí méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó lè tẹ ìlà yìí fúnni. Ọrùn olúkúlùkù ni ó mọ tirẹ̀.

Ìgbà tí ọrùn mọ̀ ọ́n tán ni ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì gan-an, tí eré náà dá lé, wá yé mi. Lẹ́yìn orí awakọ̀ Messerschmitt 109, ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì, irin pẹlẹbẹ kan wà tí ó ń gba ọta fún un, tí ó sì ń bò ó lójú. Àfi bí mo bá fi èjìká tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n tó yọjú wo ìrù. Il-2 fúnra rẹ̀, ọkọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà tí eré náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, akọ ọkọ̀ abara-bí-irin, arọ̀jò-iná-sórí-ọ̀tá, tí wọ́n ṣe ju 30,000 lọ, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń wọ̀ ọ́ nígbà tí ogun dé bá wọn ní 1941. Ẹ̀yìn ni àwọn ará Jámánì ń gbà pa wọ́n, títí wọ́n fi fi ẹnì kejì jókòó, ó kọjú sẹ́yìn, ó mú ìbọn dání. Sílíkì tí a sì ń rí lọ́rùn àwọn awakọ̀ nínú fọ́tò àtijọ́ kì í ṣe ti fáàrí nìkan. Kọ́là ẹ̀wù a máa bó ọrùn ẹni tí kò dẹ́kun wíwo ọ̀tún àti òsì.

Oòrùn nìkan ni n kò tíì rí ọgbọ́n rẹ̀ dá. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, bí ó bá gba fèrèsé ẹ̀yìn mi wọlé, kámẹ́rà á kà á mọ́ iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lójijì awakọ̀ mi á sì tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lójú ogun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kúkú ra awò ńlá tí a ń dé bo ojú, nínú èyí tí orí àti ojú yóò tún jọ máa rìn bí Ẹlẹ́dàá ti dá wọn. Mo dé e wò, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó rí ìrù ọkọ̀, mo ní láti lọ́ ọrùn dé ẹ̀yìn ní tòótọ́, ọrùn àgbàlagbà kò sì gba irú eré bẹ́ẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé n kò rí ife tíì mi lórí tábìlì.