Aràn Tí Kò Lójú

Mo wà ní kíláàsì kẹta ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kòríkòsùn pínyà ní Lálúpọn. Iṣu ló dá a sílẹ̀. A ti wa iṣu, a ti tò ó sínú àká, ọ̀rẹ́ bàbá mi yìí ló sì bá wa tò ó. Kí ọyẹ́ tó dé tán, bí ìyá mi bá ń bẹ iṣu, yóò rí i pé ara rẹ̀ ti di rúsúrúsú lábẹ́ èèpo, ibòmíràn dúdú bí èédú, bẹ́ẹ̀ ni inú lọ́hùn-ún funfun. Bàbá mi ní ọwọ́ ayé ni, àti pé ẹnìkan ṣoṣo ló bá òun wọ àká. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọkùnrin náà fi kú.

Yunifásítì ni mo ti mojú ọ̀daràn. Olùkọ́ wa rẹ èèpo irú iṣu bẹ́ẹ̀ sómi, ó ní kí n wo inú maikirosíkóòpù. Aràn ni mo rí, wọ́n ń lọ́ bìrìpé, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju bíi mìlímítà kan lọ. Scutellonema bradys ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn iṣu, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, ló máa ń jẹ. Ó máa ń bí sí i nínú àká, inú èbù ló sì ń bá dé oko tuntun.

Inú èbù! Bàbá mi kì í ra èbù. Àká tirẹ̀ ló ti ń ṣà á.

Aràn yìí kò lójú, kò létí. Irú wọn a máa fi òórùn mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn ilẹ̀, tàbí kí n pè é ní ìtọ́wò, nítorí kẹ́míkà tí gbòǹgbò ń tú sínú omi ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀. Ìbátan wọn kan tí kì í ba oko jẹ́, Caenorhabditis elegans, ló kọ́ àwọn onímọ̀ ní púpọ̀ nínú èyí. Sẹ́ẹ̀lì iṣan-ìmọ̀ 302 péré ló ní. Tiwa ń lọ bíi bílíọ̀nù 86. Ní ọdún 2007, Chronis, Zimmer àti Bargmann ṣàlàyé irinṣẹ́ rọ́bà kan tó mọ́ gaara, tí ojú ọ̀nà omi tín-ín-rín bí irun wà nínú rẹ̀. Wọ́n á há aràn kan sínú rẹ̀, imú nìkan ni yóò yọ síbi tí omi ti ń ṣàn. Wọ́n á jẹ́ kí omi olóòórùn kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n á tún yí i padà sí omi lásán, wọ́n á sì máa wo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bí ó ṣe ń tàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí òórùn bá lọ ló tó ń tàn.

Ní ọdún 2022, ìwádìí kan jáde láti Kẹ́ńyà, tí àwọn onímọ̀ IITA, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn wa níhìn-ín, kópa nínú rẹ̀. Wọ́n fi bébà tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe wé pòtétò kí wọ́n tó gbìn ín. Bébà náà fa kẹ́míkà gbòǹgbò mọ́ra, aràn sì ṣìnà.

Mo mú ìwé náà lọ sílé. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ nípa èbù, ṣùgbọ́n ẹnu kò gbà á láti sọ. Lọ́jọ́ yìí mo sọ ọ́.

“Láti inú àká wa?” ni bàbá mi bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi. Ẹ kò lè mọ̀ nígbà yẹn.”

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá ọmọ ọkùnrin náà ṣì ń gbé ilé wọn lẹ́yìn ọ̀nà rélùwéè.