Ooru Tí Kò Rí Ọ̀nà Jáde

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ló ń san owó ilé-ìwé èmi àti àbúrò mi. Òun ni màmá wa fi ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì lẹ́nu iṣẹ́, tí ojú ìwé tí wọn kò tíì fi pamọ́ ń ṣòfò, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló dé yẹn. Ẹni tó máa ń bá wa tún un ṣe ní àfi kí a ra òmíràn. Kò sí owó rẹ̀ nílẹ̀.

Mo ṣàkíyèsí pé kì í kú ní kùtùkùtù. Ìgbà tí oòrùn bá kan àtàrí, tí páànù òrùlé ti gbóná janjan, ló máa ń ṣe é. Ìyẹn ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ooru inú kọ̀ǹpútà.

Iná mànàmáná tí kọ̀ǹpútà ń lò, ooru ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ máa ń dà níkẹyìn. Ẹ̀yà kékeré tí a lè pè ní ọpọlọ rẹ̀ wà lára àwọn ibi tó ń gbóná jù. Wọ́n gbé irin tó ní abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ púpọ̀ lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀bà tètè tutù á tẹ́ ẹ sínú àwo fífẹ̀ kí atẹ́gùn lè kàn án dáadáa. Iṣẹ́ irin náà nìyẹn. Fáànù orí irin ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín àwọn abala náà, èyí tó wà lẹ́yìn àpótí sì ń ti ooru síta.

Ṣùgbọ́n fáànù kì í ṣe fíríìjì. Bí yàrá bá gbóná dé 34°C, atẹ́gùn 34°C náà ló máa fẹ́. Bí ọpọlọ náà bá sún mọ́ 100°C, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kọ́kọ́ dẹwọ́ iṣẹ́. Bí ooru kò bá rọlẹ̀, ẹ̀rọ á kú fúnra rẹ̀ kí ó má baà jóná.

Tiwa, inú kọ́bọ́ọ̀dù tábìlì ni àpótí rẹ̀ wà, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri, aṣọ sì bò ó. Ooru tó bá tì jáde náà ló tún ń fà wọlé.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e síta.”

“Eruku ẹ̀ẹ̀rùn yìí ńkọ́?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Eruku náà a máa dí ọ̀nà atẹ́gùn. A pa á, a yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, a sì ṣí i. Eruku ti dì bí òwú sáàárín àwọn abala irin. Mo fi ìka di fáànù mú kí ó má baà yí, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì tuntun gbọn eruku náà dànù. A gbé e lé orí àpótí ìjókòó, a fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Màmá ní aṣọ á máa bò ó lálẹ́ nìkan, tí a bá ti pa á.

Owó búrọ́ọ̀ṣì nìkan la ná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n tẹ ojú ìwé 12 láìsí ìdádúró.

Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe irésà. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tó ń gbóná ti dá ihò tí ooru máa gbà jáde sí i lára. Tiwa ni ká má dí i. Ní kíláàsì wa, kọ́bọ́ọ̀dù ìwé ló dí fèrèsé ẹ̀yìn, gbogbo wa sì máa ń tòògbé lọ́sàn-án. Mo ti ń bá olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.